Awọ ìyàwó di eérú lẹ́yìn tí mo ẹ́díìtì fọ́tò tán, ẹ gbà mí o

Fọ́tòKubwa · ọjọ́ Ajé, 9:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Orí mi ti gbóná. Sátidé tó lọ yìí ni mo ya fọ́tò ìgbéyàwó kan ní Gwarinpa. Gílóòbù tí iná rẹ̀ pọ́n bí ọsàn ló wà lókè gbọ̀ngàn, fèrèsé ńlá wà lápá ọ̀tún, DJ tún wá gbé iná LED aláwọ̀ àlùkò kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle. Ìyàwó dúdú, dúdú tó ń dán bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òrí para.

Nígbà tí mo gbé e wọ Lightroom tí mo fi ń ẹ́díìtì, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ léèsì funfun tó wọ̀. Mo fa Shadows (ibi tó ṣókùnkùn) dé +80. Mo bọ́ sínú HSL, níbi tí a ti ń tún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe, mo fa Luminance (ìmọ́lẹ̀) àwọ̀ Orange sókè, mo wá fa Saturation rẹ̀ (bí àwọ̀ ṣe kún tó) wálẹ̀ kí ó má baà pọ́n jù. Lójú tèmi, ó ti gún régé. Mo fi mẹ́wàá ránṣẹ́ sí ìyá ìyàwó.

Ìpè wọlé kí n tó jẹun tán. "Ọmọ yìí, ta ló bu eérú lu ọmọ mi lójú? Ṣé o fẹ́ kí àwọn àna rò pé ó ń bóra ni?"

Mo padà wò ó. Òótọ́ ni màmá sọ. JPEG (fáìlì tí kámẹ́rà ti fún kéré) ni gbogbo rẹ̀, n kò ya RAW (èyí tó kó gbogbo ohun tí kámẹ́rà rí) nítorí káàdì mi kéré. Fọ́tò 412 ló wà nílẹ̀, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń bọ̀ wá gbà á. Ibo ni mo ti ṣìnà?

ỌmọỌ̀fà_Wuse · 9:41 alẹ́

Àbúrò, kì í ṣe ọ̀ràn ẹkún. Awọ wa, bó ti wù kó dúdú tó, inú Orange ni kọ̀ǹpútà ń kà á sí, pupa díẹ̀ á sì dàpọ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí o fa Luminance rẹ̀ sókè, o sọ dúdú di fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Nígbà tí o fa Saturation wálẹ̀, o fa ẹ̀jẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Awọ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tí kò lẹ́jẹ̀ nínú, kí ni ì bá dà bí kò ṣe eérú?

Tẹ Reset, kí gbogbo rẹ̀ padà sí òdo. White Balance, ìyẹn títún àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ṣe kí funfun lè jẹ́ funfun, ló kọ́kọ́ kàn. Mú irinṣẹ́ tó dà bí ohun tí wọ́n fi ń kán oògùn sójú, kí o tẹ̀ ẹ́ sára nǹkan tí kò ní àwọ̀ tirẹ̀: aṣọ tábìlì funfun níbi tí òjìji ti bò ó díẹ̀, tàbí kóòtù aláwọ̀ eérú tí ọ̀rẹ́ ọkọ wọ̀. Má tẹ̀ ẹ́ síbi tó ti funfun kọjá ààlà, torí kò sí ohun tí kọ̀ǹpútà lè kà níbẹ̀ mọ́. Má tẹ̀ ẹ́ sí ẹyinjú tàbí eyín. Àwọn méjèèjì kì í funfun tó bí a ṣe rò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ ti le nìyí: gílóòbù tó pọ́n bí ọsàn máa ń wà ní nǹkan bíi 2,700 sí 3,200 Kelvin (òṣùwọ̀n àwọ̀ ìmọ́lẹ̀), ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán tó gba ojú fèrèsé wọlé wà ní nǹkan bíi 5,500. Kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo tó lè wo méjèèjì sàn. Tún gbogbo fọ́tò ṣe dé ibi tó bójú mu, kí o wá ṣí Masking (tó ń ya apá kan fọ́tò sọ́tọ̀), yan People, yan Face Skin (láti 2022 ni wọ́n ti fi í sínú Lightroom), kí o yí Temp (bí àwọ̀ ṣe pọ́n tàbí tutù tó) inú mask yẹn nìkan. Inú ibẹ̀ náà ni kí o ti fa Exposure (ìmọ́lẹ̀) sókè, +0.3 sí +0.5 tó. Fi Shadows gbogbo fọ́tò sílẹ̀. Ẹwà awọ dúdú wà lára dídán iwájú orí àti orí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìyẹn sì ń fẹ́ kí ibi tó dúdú dúdú lóòótọ́. Bí o bá fa òkùnkùn gbogbo sókè, dídán á parẹ́.

BàbáYàráDúdú · 10:25 alẹ́

Ọmọ Kubwa, ẹjọ́ yìí ti wà kí wọ́n tó bí ọ. Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ ní Kaduna, káàdì kan wà tí àwọn tó ń fọ fọ́tò aláwọ̀ fi ń tún ẹ̀rọ wọn ṣe, àwòrán obìnrin òyìnbó kan ló wà lórí rẹ̀. Shirley ni wọ́n ń pe káàdì yẹn. Láti àwọn ọdún 1950 ni Kodak ti ń fi irú rẹ̀ ránṣẹ́. Bí awọ obìnrin yẹn bá ti jáde dáadáa, wọ́n gbà pé ẹ̀rọ pé. Tiwa á wá jáde bí ilẹ̀kùn tí wọ́n fi ọ̀dà kùn, eyín àti ẹyinjú nìkan lo máa rí.

Ọ̀gá mi á gé páálí róbótó, á so ó mọ́ ẹnu wáyà, á máa mì ín lábẹ́ iná níbi tí ojú èèyàn bọ́ sí, kí iná má baà pọ̀ jù níbẹ̀, torí iná ló ń sọ pépà fọ́tò di dúdú, kí ojú lè mọ́. Ẹ wo àmì Dodge (tó ń mú ibì kan mọ́lẹ̀) nínú Photoshop dáadáa: páálí orí wáyà yẹn gan-an ni wọ́n yà síbẹ̀. Burn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń mú ibì kan ṣókùnkùn, ọwọ́ tí a ká ni. Ohun tí ẹ̀yin ń pè ní ẹ́díìtì, ọwọ́ la fi ń ṣe é.

Ó ku ẹyọ kan. Kámẹ́rà rẹ gbà pé gbogbo ohun tó wà níwájú òun, bí a bá po ó pọ̀, àwọ̀ eérú ló yẹ kó jẹ́. Léèsì funfun gba ojú fọ́tò, kámẹ́rà wò ó pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, ó dín in kù, ojú ìyàwó ló san gbèsè. Lọ́jọ́ mìíràn, ojú ni kí o fi wọn ìmọ́lẹ̀, má fi aṣọ wọ̀n ọ́n. Kí o sì ya RAW. JPEG ní ìpele 256 fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, RAW oní-bíìtì 14 ní 16,384. Bí o bá fa òkùnkùn JPEG sókè, ìwọ̀nba ìpele díẹ̀ tó wà níbẹ̀ lo ń nà, ó gbọ́dọ̀ ya.

Onífóònù_Karu · 10:31 alẹ́

Bàbá, ẹ ti mú mi rántí tèmi. Ní tèmi o, kì í ṣe eérú, búlúù ni. Àwọn olùkọ́ ilé-ìwé kan gbé iṣẹ́ fún mi, fọ́tò ọgọ́ta. Òru ni mo jókòó tì í, Nẹ́pà mú iná lọ, láptọ́ọ̀pù ń jẹ bátìrì. Gbogbo ojú wọn ń pọ́n lójú mi, mo ń fa Temp sápá búlúù, mò ń fà á. Ilẹ̀ mọ́, mo ṣí i, gbogbo olùkọ́ ti di òkú inú mọ́ṣúárì. Night Light ló wà lórí láptọ́ọ̀pù látàárọ̀ ọjọ́ kejì oṣù, èyí tó ń sọ ojú kọ̀ǹpútà di pupa lálẹ́ kí ojú má baà ro èèyàn. Ojú kọ̀ǹpútà ló pọ́n, fọ́tò ò ṣe nǹkan kan.

Ẹ pa á kí ẹ tó jókòó ti iṣẹ́. Lórí fóònù náà, ẹ pa á.

ÌyáLáàlì_Kano · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:50 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Sabon Gari ni mo wà, làálì ni mo ń kọ fún àwọn ìyàwó, tiwa àti tàwọn Hausa. Ẹ̀dùn ọkàn tèmi lẹ fẹ́ gbọ́ yìí. Mo lo wákàtí mẹ́ta lórí ọwọ́ ìyàwó kan, òdòdó tín-tìn-tín láti ìka dé ìgbọ̀nwọ́. Nígbà tí fọ́tò jáde, ayàwòrán ti fi ohun tó ń mú awọ jọ̀lọ̀ ra gbogbo ara rẹ̀, làálì ṣá bí aṣọ tí wọ́n fọ̀ nígbà ogún. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ yìí ni orúkọ mi wà o!

Ẹ jọ̀ọ́, ojú nìkan ni kí ẹ mú jọ̀lọ̀. Bí ẹ bá sì fa Saturation Red àti Orange wálẹ̀, làálì pupa bá a lọ. Ní ti ọwọ́ ìyàwó, mask tirẹ̀ ni kí ẹ yà fún un, ẹ fi Texture díẹ̀ kún un, +15 báyìí, kí ìlà rẹ̀ lè yọ. Bí ẹ̀yin ò bá ní kọ̀ǹpútà, Snapseed tó wà lórí fóònù ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́: ẹ yan Selective, ẹ tẹ ọwọ́ síbi tí ẹ fẹ́, ẹ fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ tàbí kí ẹ sún un kì, kí iṣẹ́ má baà kọjá ibẹ̀. Structure, tó ń mú ìlà yọ, ló wà níbẹ̀ fún làálì.

Alákùkọ_Jos · 8:15 àárọ̀

Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́. Tiyín ṣì rọrùn. Ọmọ iṣẹ́ mi kan, mo gbé fọ́tò mọ̀lẹ́bí kan fún un pé kó bá mi nu àwọn àbàwọ́n ojú kúrò. Ó nu gbogbo rẹ̀ tán, ojú ọmọdé jọ̀lọ̀, tàgbà jọ̀lọ̀. A tẹ̀ ẹ́, a fi férémù sí i, a gbé e lọ. Bàbá ilé gbà á, ó wò ó, ó yí i sójú iná, ó ní, "Ta nìyí?"

Ọmọ yẹn ti fi Healing Brush (irinṣẹ́ tó ń pa àbàwọ́n rẹ́) nu gọ̀ǹbọ́ bàbá kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́. Ilà tí wọ́n ti kọ fún un láti kékeré, ọmọ tí wọ́n bí ní Jos rò pé àpá ni. Bàbá ò tiẹ̀ bínú. Ó kàn ń fi ìka wá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lórí gíláàsì. Owó mi ni mo fi tún un tẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, òfin wa nílé iṣẹ́: ohun tó máa lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí irorẹ́ tàbí ibi tí abẹ gé èèyàn, ẹ nù ún. Ilà, tàdáwà, àpá àtijọ́, àlàfo eyín, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Kí ẹ má sì nù ún lórí fọ́tò gangan. Ẹ ṣí layer òfìfo, bí abala tí a tẹ́ lé fọ́tò, sórí rẹ̀, ẹ yan Sample All Layers, orí òfìfo yẹn ni kí ẹ ti nù. Bí ó bá wá dà bí rọ́bà, ẹ dín Opacity layer náà (bó ṣe hàn tó) kù sí 50, awọ gangan á padà yọ lábẹ́. Bí bàbá bá sì béèrè ilà rẹ̀, ẹ kàn pa layer ni.

Fọ́tòKubwa · 1:20 ọ̀sán

Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti Reset. Ojú ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá. Ṣùgbọ́n iná àlùkò DJ ṣì wà lójú ìyàwó lápá kan nígbà ijó. Ìkejì, àwọn tí a yà lẹ́bàá Jabi Lake, ọyẹ́ bo gbogbo omi, bí ẹni pé a wà nínú iyẹ̀fun.

ỌmọỌ̀fà_Wuse · 2:05 ọ̀sán

LED àlùkò kò láàánú. Pupa àti búlúù nìkan ló ń tàn, àwọ̀ ewé kò sí nínú rẹ̀ rárá. Níbi tó bá ti kan ojú gbọngbọn, kò sí awọ lábẹ́ rẹ̀ tí a fẹ́ fà yọ. Bó bá kàn án díẹ̀, fi brush kùn ún, fa Tint sápá àwọ̀ ewé, dín Saturation mask yẹn kù. Bó bá kún ojú, sọ fọ́tò di dúdú-àti-funfun, kí o fa Purple àti Magenta sókè nínú B&W Mix. Èèyàn á ní o mọ̀ ọ́n ṣe ni. Má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Alákùkọ_Jos · 2:30 ọ̀sán

Ti ọyẹ́, Dehaze, tó ń gé kùrukùru kúrò, ni. Má fi í sí gbogbo fọ́tò o. Ó máa ń mú dúdú dúdú sí i, ó sì ń mú àwọ̀ pọ̀ sí i, nítorí náà ojú àwọn èèyàn á pọ́n, á tún ṣókùnkùn. Masking, Select Background, Dehaze +20. Bó o bá dé +50, àlà funfun á yọ yí gèlè ká bí ẹni mímọ́ inú ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tó o bá wà níbẹ̀, tẹ lẹ́tà A nígbà tí o wà nínú irinṣẹ́ Healing, kí o ṣí Visualize Spots. Fọ́tò á di dúdú-àti-funfun, eruku tó wọ inú kámẹ́rà á yọ lójú sánmà bí kóró inú ìbẹ́pẹ. Nínú ọyẹ́ àríwá yìí, bí o bá pààrọ̀ lẹ́ńsì níta lẹ́ẹ̀kan, o ti gbà á lálejò. Rọ́bà tí a ń tẹ̀ kó fẹ́ atẹ́gùn ni kí o fi fẹ́ ẹ. Má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ burú ju eruku lọ.

BàbáYàráDúdú · 4:47 ìrọ̀lẹ́

Èmi ò fara mọ́ ọn tán. Oṣù kìíní ni wọ́n ṣègbéyàwó. Ọyẹ́ jẹ́ ara ọjọ́ náà. Ọmọkùnrin kan fi àpáta Zuma hàn mí lọ́dún kan, ó ní January lòun yà á, sánmà búlúù bí aró Kofar Mata ní Kano, àwọ̀sánmà funfun méjì. Èmi tí mò ń gba Madalla, ẹ̀bá àpáta yẹn, kọjá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo bi í pé January ìlú wo. Sky Replacement inú Photoshop ló fi ṣe é. Oòrùn ojú sánmà rẹ̀ wà lósì, òjìji àpáta náà sì ṣubú sósì. Ẹ fi ọyẹ́ sílẹ̀ fún wọn. Tó bá di ogún ọdún, wọ́n á rántí pé ètè àwọn là lọ́jọ́ náà.

Alákùkọ_Jos · 5:02 ìrọ̀lẹ́

Bàbá, ẹ ní òótọ́ fún tiyín. Ṣùgbọ́n oníbàárà tó sanwó fẹ́ rí omi Jabi. +10 ni mo gbà fún un.

Onífóònù_Karu · 5:10 ìrọ̀lẹ́

Ẹnì kan ní òun máa bá mi fi Photoshop tí wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sórí láptọ́ọ̀pù, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà. Ẹ ní kí n ṣe é?

ỌmọỌ̀fà_Wuse · 5:18 ìrọ̀lẹ́

Rárá. Èyí tí mo gbà lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, kòkòrò tó bá a wá ti gbogbo fódà mi pa, ó ní kí n sanwó kí n tó rí wọn. GIMP, darktable, RawTherapee, ọ̀fẹ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. GIMP ti wà láti 1996, ẹ̀dà 3.0 rẹ̀ jáde ní 2025, ó sì ti gba adjustment tí a lè pa tàbí ṣí lẹ́yìn náà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni data tó máa jẹ.

Àbúrò Kubwa, nítorí ọjọ́ Ẹtì: má ṣe 412 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣa wọ́n ná, fi ìràwọ̀ sí àwọn tó dára, jù àwọn tó dijú sẹ́yìn. Wá pín ìyókù sí ìmọ́lẹ̀-ìmọ́lẹ̀: ti fèrèsé, ti gílóòbù, ti DJ, ti Jabi. Tún ẹyọ kan ṣe nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, kí o Sync rẹ̀ sí ìyókù ọ̀wọ́ náà. Mask ojú á tún ojú wá fúnra rẹ̀ lórí fọ́tò kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà míràn ó máa ń mú ojú ìyá àgbà dípò ti ìyàwó.

Nígbà tí o bá fẹ́ gbé e jáde, yan sRGB, ètò àwọ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù. Láàbù tí wọ́n ti ń tẹ fọ́tò ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé Adobe RGB (ètò àwọ̀ mìíràn) wá fún wa, á sì jáde bí ẹni tó ṣàìsàn. Fún 8×10 íǹṣì, ní 300 ppi (píksẹ́ẹ̀lì nínú íǹṣì kan), píksẹ́ẹ̀lì 2,400 × 3,000 lo nílò. Bí o bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, Document ni kí o fi í ránṣẹ́, má fi í ránṣẹ́ bí fọ́tò, torí WhatsApp á tẹ̀ ẹ́ kéré. Àwọn mẹ́wàá tí o fi ránṣẹ́ yẹn, apá kan eérú rẹ̀ lè jẹ́ ti WhatsApp náà. Kí o sì dín ìmọ́lẹ̀ ojú láptọ́ọ̀pù kù kí o tó parí iṣẹ́. Àwọn tí ojú láptọ́ọ̀pù wọn mọ́lẹ̀ jù, fọ́tò wọn máa ń jáde dúdú lórí pépà, wọ́n á ní láàbù ló bà á jẹ́. Kọ́kọ́ tẹ 4×6 kan wò.

ÌyáLáàlì_Kano · 7:33 alẹ́

Kí o sì tọ́jú gbogbo rẹ̀ sí ibi méjì, ọmọ mi. Àwọn olè láptọ́ọ̀pù kì í béèrè bóyá o ti fi ránṣẹ́.

Fọ́tòKubwa · ọjọ́ Ẹtì, 3:15 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo yín. 186 ni mo ṣà jáde. Mo lo ọ̀wọ́ mẹ́rin tí ẹ̀gbọ́n Wuse pín. Ojú ìyàwó nítòsí fèrèsé, mo fi Temp mask tutù díẹ̀, Exposure +0.4, n kò fọwọ́ kan Orange rárá. Iwájú orí rẹ̀ ń dán. Ní Jabi, mo fi Dehaze +10, mo sì fi ọyẹ́ tó kù sílẹ̀, kí àgbà méjèèjì má baà bínú. Fọ́tò ijó mẹ́sàn-án ti di dúdú-àti-funfun, àwọn náà ni ọkọ ìyàwó kọ́kọ́ gbé sórí status.

Màmá wá fúnra wọn. Wọ́n wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Ọmọ mi nìyí."

Wọ́n wá dé orí fọ́tò tiwọn. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀: ṣé n kò lè bá àwọn mú tiwọn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ díẹ̀, bí èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe fún ìyàwó yẹn?

Ẹ̀yin àgbà, kí ni kí n ṣe?

BàbáYàráDúdú · 3:40 ọ̀sán

Exposure, +0.2, ojú nìkan. Má fọwọ́ kan Orange. Kí o wá sọ fún wọn pé o ti ṣe é.